Tú sílẹ̀ àti fà yọ: ọ̀rọ̀ méjì fún fíláàṣì

tú (nǹkan) sílẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe. 1. Láti dá ohun tí a so sílẹ̀: Ó tú ewúrẹ́ sílẹ̀. 2. Láti pàṣẹ kí kọ̀ǹpútà jọ̀wọ́ fíláàṣì.

Ìlò: Ìṣe méjì ni ó wà níbẹ̀. Àṣẹ tí a tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kì í yọ ohunkóhun. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń fà á yọ. Nítorí náà, tú sílẹ̀ ni ó yẹ kí atúmọ̀ èdè lò fún àṣẹ náà, kí ó fi fà yọ sílẹ̀ fún ọwọ́. Ẹni tí ó bá ka yọ nìkan lè fà á lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà sì lè ní òun ti kọ fáìlì tán, kí apá kan ṣì wà nínú iyè òun. Láti ẹ̀dà 1809 (2018), Windows 10 kì í sábà dá fáìlì dúró bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, fáìlì tí ó ń lọ lọ́wọ́ ṣì lè bàjẹ́.

Àpẹẹrẹ, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìsẹ́yìn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tú fíláàṣì yìí sílẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ, iṣẹ́ àṣekágbá mi wà nínú rẹ̀.

Àkíyèsí: Ẹ má gbàgbé àmì ohùn òkè. Tu, ní ohùn àárín, ni a ń lò fún iyẹ́ adìyẹ àti koríko: fífà tu gan-an ni à ń sá fún.