San Salvador: Ìlú tí a fi Orúkọ Olùgbàlà pè

Ní ìgbà tí àwa wà ní kíláàsì kejì, olùkọ́ Jọ́gíráfì wa a máa mú kí a ka orúkọ àwọn olú-ìlú ayé ní àkọ́sórí. Bí ó bá ti dé orí El Salvador, gbogbo kíláàsì yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "San Salvador!", nítorí pé ìdáhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ìbéèrè náà. Ohun tí a mọ̀ nípa ìlú náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn nínú wa dà á pọ̀ mọ́ erékùṣù San Salvador tí Columbus gúnlẹ̀ sí ní 1492. Àwọn mìíràn sì rò pé Salvador ti ilẹ̀ Bràsíìlì ni, níbi tí a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ wa lọ ní oko ẹrú. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Orúkọ Olùgbàlà nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀.

Èyí tí mo ń sọ wà ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. El Salvador ni ó kéré jù lọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè méje tí ó wà níbẹ̀, Òkun Pàsífíìkì nìkan ni ó sì kàn án. Nínú àfonífojì kan ni olú-ìlú rẹ̀ tẹ̀ dó sí, ní ibi tí ó fi ohun tí ó lé ní 600 mítà ga ju òkun lọ. Nítorí náà, ooru ibẹ̀ kò mú tó ti etíkun. Bí ènìyàn bá dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, yóò rí òkè ayọnáyèéfín tí ń jẹ́ orúkọ ìlú náà, tí ó ga tó bí 1,900 mítà. Ihò ńlá tí ó wà ní orí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní El Boquerón, èyí tí í ṣe Ẹnu Ńlá. Bí ó bá yíjú sí ìlà-oòrùn, adágún Ilopango ni yóò rí, omi tí ó dára púpọ̀ ní wíwò. Ṣùgbọ́n ihò tí iná abẹ́ ilẹ̀ gbẹ́ sílẹ̀ ní ohun tí ó ju 1,400 ọdún sẹ́yìn ni omi náà kún. Láàárín iná méjì ni ìlú náà jókòó sí. Orúkọ tí a sọ àfonífojì náà ní èdè Sípéènì jẹ mọ́ ibùsùn aláwọ̀n tí a ń so sáàárín igi méjì, nítorí bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń mì.

Ní 1524, Pedro de Alvarado kó ogun Sípéènì wọ ilẹ̀ náà, tí àwọn Pipil tí ó ni ín ń pè ní Cuscatlán. Wọ́n ta á ní ọfà ní itan, ó sì ní láti padà. Ní ọdún kejì ni wọ́n dá San Salvador sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fìdí múlẹ̀; ní 1528, wọ́n tún un tẹ̀ dó sí itòsí Suchitoto, ó sì di 1545 kí ó tó dé ibi tí ó wà lónìí.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ti wó o lulẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tí ó gbọ̀n mí jù ni ti ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, 1854, nítorí pé alẹ́ Ọjọ́ Àjíǹde gan-an ni ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ́ olú-ìlú tuntun sí itòsí, èyí tí a ń pè ní Santa Tecla lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò fi ahoro wọn sílẹ̀, nígbà tí ó sì pé díẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ tún padà wá bá wọn. Ní 1917, òkè náà bú. Adágún tí ó wà nínú Ẹnu Ńlá hó títí ó fi gbẹ, òkè kékeré kan sì hù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí àlejò lè bojú wò láti etí ihò náà. Ní oṣù kẹwàá 1986, ilẹ̀ tún mì, bí 1,500 ènìyàn ni ó sì kú.

Àwọn àlùfáà ní ipa nínú ìtàn ìlú yìí ju bí a ti lérò lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ títí di òní pé agogo ìjọ La Merced ni àlùfáà José Matías Delgado lù ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, 1811, láti pe àwọn ará ìlú dìde sí ìjọba Sípéènì. Òmìnira dé ní 1821.

Ẹni tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni Oscar Romero. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Ìjọ Àgùdà níbẹ̀ ní oṣù kejì 1977, inú àwọn alágbára dùn, nítorí wọ́n kà á sí ẹni jẹ́jẹ́ tí kò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n yìnbọn pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, àlùfáà Rutilio Grande. Láti ìgbà náà, Romero ń ka orúkọ àwọn tí a pa àti àwọn tí a kò rí mọ́ nínú ìwàásù rẹ̀, rédíò sì ń gbé e kiri. Kàtídírà rẹ̀, tí ó rọ́pò èyí tí iná jó ní 1951, kò tíì parí. Ó dá iṣẹ́ náà dúró; ó ní kò yẹ kí a máa kọ́ ọ nígbà tí ebi ń pa àwọn ènìyàn. Èmi tí mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ mọ ohun tí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ó di 1999 kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, 1980, ó bẹ àwọn ọmọ-ogun pé kí wọ́n má ṣe gbọ́ àṣẹ tí ó ní kí wọ́n pa àwọn arákùnrin wọn. Ní ọjọ́ kejì, bí ó ti ń ṣe Máàsì nínú ilé ìsìn kékeré tí ó wà ní ọsibítù àwọn alárùn jẹjẹrẹ, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, wọ́n yìnbọn lù ú, ó sì kú. Ọjọ́-Ìsinmi Ọ̀pẹ ni wọ́n sin ín. Bọ́ǹbù bú, ìbọn sì dún láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó kún gbàgede iwájú Kàtídírà, ọ̀pọ̀ sì kú níbẹ̀. Ogun abẹ́lé tí ó tẹ̀ lé e gba ẹ̀mí tí ó lé ní 75,000 kí àdéhùn àlàáfíà tó wáyé ní oṣù kìíní 1992. Pópù Francis kéde Romero ní ẹni mímọ́ ní 2018. Ibojì rẹ̀ wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ Kàtídírà náà, ẹnikẹ́ni sì lè wọlé kí ó kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ìjọ El Rosario wà, níbi tí a sin Delgado sí. Rubén Martínez, tí í ṣe agbẹ́gilére, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n sì kọ́ ọ láàárín 1964 sí 1971. Láti òde, ènìyàn lè rò pé ilé tí wọ́n ń kó ọkọ̀ òfuurufú pamọ́ sí ni. Bí ó bá wọlé, oòrùn yóò gba inú gíláàsì aláràbarà wọlé, ilẹ̀ àti àga yóò sì kún fún àwọ̀ òṣùmàrè.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, tí a ń rántí ìparadà Olúwa wa lórí òkè, ni ọjọ́ àjọ̀dún ìlú náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, wọ́n á gbé ère Kristi kọjá ní ìgboro dé iwájú Kàtídírà, ní gbàgede kan náà tí ìbọn ti dún ní 1980. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ohun rìbìtì kan tí ó dúró fún ayé. Àwọn ènìyàn á máa wò, wọn á máa dúró. Nígbà tí ère náà bá sì tún jáde, aṣọ funfun ni yóò wà ní ọrùn rẹ̀.