Model S Plaid àti Taycan Turbo S: Ohun tí Nọ́ńbà Eré Ọkọ̀ Oníná Kì í Sọ

Nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń fi iná mànàmáná rìn, díẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ máa ń fi wé ara wọn tó Model S Plaid, èyí tí ilé iṣẹ́ Tesla gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àti Taycan Turbo S, èyí tí Porsche ti Jámánì fi han aráyé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, wọ́n sì wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, síbẹ̀ wọ́n ń gbéra pẹ̀lú eré tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìje tó ń lo epo kò lè bá dọ́gba. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ìpolówó sábà máa ń fi ṣe ìdájọ́ láàárín wọn, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ ń lò láti ìdúró títí yóò fi máa sá kìlómítà 100 ní wákàtí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà máa ń ṣi ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n lọ́nà.

Ìyárasí ni bí eré ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì elépo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí dé ìwọ̀n kan kí agbára rẹ̀ tó pé, jíà rẹ̀ sì ní láti máa yí padà bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Ti oníná kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí ọkọ̀ ti wà lójú kan ni ipá ìyípo, ìyẹn ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń lọ́ ọ̀pá táyà, ti wà ní kíkún, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé dídi tí táyà ń di ilẹ̀ mú ló máa ń kọ́kọ́ kùnà, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà dé ibi eré yìí kò jọra. Tesla fi ẹ́ńjìnnì oníná mẹ́ta sí Plaid, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn, tí àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ agbára ẹṣin 1,020, kò sì fún un ní jíà tó ń yí padà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fi kábọ̀n tó le koko wé irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì náà, kí ó lè máa yí kíkankíkan láìfọ́, kí agbára má sì tètè dín kù nígbà tí eré bá ti pọ̀. Ẹ́ńjìnnì méjì ni Porsche fi sí Taycan, ó sì fún ti ẹ̀yìn ní jíà méjì, ọ̀kan fún ìgbéra, èkejì fún eré ńlá. Agbára tó ga jù lọ ti Taycan Turbo S àkọ́kọ́, kílówáàtì 560, èyí tó súnmọ́ agbára ẹṣin 750, kì í wà títí; ìgbà ìgbéra nìkan ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà máa ń tú u sílẹ̀ fún awakọ̀.

Tesla kéde pé ìṣẹ́jú àáyá 1.99 ni Plaid ń lò láti dé máìlì 60 ní wákàtí, tó jẹ́ kìlómítà 97, Porsche sì kéde 2.8 fún Taycan láti dé kìlómítà 100. Òdiwọ̀n méjèèjì kò dọ́gba. Yàtọ̀ sí pé máìlì 60 kò tó kìlómítà 100, Tesla kò ka ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ń rìn, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, mọ́ àkókò náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn tó ń fi ọkọ̀ figa gbága lójú ọ̀nà gbọọrọ ní Amẹ́ríkà, níbi tí aago kì í ti í bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí táyà iwájú yóò fi kúrò lójú iná tó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí ìwé ìròyìn Car and Driver fi òdiwọ̀n kan náà wọn àwọn méjèèjì, Plaid lo 2.1 láti dé máìlì 60, Taycan lo 2.4, àlàfo ńlá inú ìpolówó sì di ìdá mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni Plaid wá fi agbára hàn: ní òpin nǹkan bíi mítà 402, èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, 9.4 ni tirẹ̀, 10.5 ni ti Taycan. Kò ṣeé jiyàn. Lójú ọ̀nà tó lọ tààrà, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló yára jù.

Ohun tí nọ́ńbà wọ̀nyí kò sọ ni ọ̀rọ̀ ooru, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù. Bí iná ṣe ń gba inú wáyà kọjá ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di ooru, gẹ́gẹ́ bí wáyà ilé ṣe máa ń gbóná bí wọ́n bá so ohun èlò púpọ̀ mọ́ ọn. Bí ìṣàn iná náà bá sì di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Porsche wá gbé fóòtì, ìyẹn òdiwọ̀n ipá tó ń ti iná gba inú wáyà, dé 800, nígbà tí ti Plaid wà ní sàkáání 400, nítorí náà ìdajì ìṣàn iná péré ni Taycan nílò láti gbé iye agbára kan náà. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé bí bátìrì tàbí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná jù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò dín agbára kù kí ohunkóhun má baà bàjẹ́. Ní ọdún 2019, kí Taycan tó jáde, Porsche mú ọ̀kan tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò sáré láti ìdúró dé kìlómítà 200 ní wákàtí, nígbà 26 léraléra. Àlàfo tó wà láàárín èyí tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.8. Plaid, ní tirẹ̀, ní láti kọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú mélòó kan láti fi ooru àti ìtutù tún bátìrì àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kí ó tó lè mú eré rẹ̀ tó dára jù jáde.

Òpópónà ìje Nordschleife ní Jámánì, tó gùn tó kìlómítà 20.8, tó sì kún fún kọ́nà àti òkè, fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 35 ni Plaid fi yí i ká ní ọdún 2021. Ní ọdún 2022, Taycan Turbo S tí wọ́n fún ní táyà àti ètò kọ̀ǹpútà àkànṣe lo ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 33, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ fi nǹkan bíi agbára ẹṣin 270 kéré. Tesla padà dé ní ọdún 2023 pẹ̀lú bíréèkì tó lágbára jù àti táyà ìje, ó sì lo ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 25. Bíréèkì àti táyà ló yí i padà, kì í ṣe àfikún agbára ẹ́ńjìnnì.

Plaid ní ohun tó fi borí: gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 2021, bátìrì rẹ̀ tó kún lè gbé e dé nǹkan bíi kìlómítà 560 pẹ̀lú táyà ńlá rẹ̀, nígbà tí Taycan Turbo S àkọ́kọ́ kò kọjá 309. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ ọkọ̀ lápapọ̀, láti orí ìgbéra dé orí yíyà ní kọ́nà àti dídúró, àti ṣíṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láìrẹ̀, Taycan ni iṣẹ́ rẹ̀ pé jù. Ó sì wọ́n: dọ́là 185,000 ni iye rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé ọjà Amẹ́ríkà, ti Plaid sì jẹ́ dọ́là 129,990 nígbà tó jáde ní ọdún 2021.