Aginjù Àwọn Ọ̀dọ́mọbìnrin: Dídá Ibi Ìyàsọ́tọ̀ fún Àdúrà Sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú



Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mélòó kan nínú ìjọ kan níbẹ̀ fẹ́ dá ibi àdúrà kan sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, àti àwọn tí wọn kò tíì relé ọkọ máa lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí méje níbẹ̀ nínú àwẹ̀, àdúrà àti ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹbí kan ti ṣe tán láti yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wọn. Àwọn àgbà ìjọ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọkùnrin ni yóò jẹ́ olórí ibẹ̀, nítorí pé igbó kì í ṣe ibi tí à ń fi ọmọbìnrin sí. Wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo rí sí i. Mo dáhùn pé òótọ́ ni àwọn àgbà sọ. Ìgbà tí mo padà sí ìdí ìwé mi ni mo rí i pé mo ti ṣì wọ́n lọ́nà. Àtúnṣe ìdáhùn náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí.

1. Aginjù nínú èdè àti nínú àṣà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ibi tí Bíbélì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ òkúta àti iyanrìn. Ilẹ̀ Yorùbá kò ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, aginjù ni a pè é. Létí Yorùbá, igbó kìjikìji tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í sábà dé ni aginjù. Nítorí náà, nígbà tí onígbàgbọ́ Ìjẹ̀bú bá kà á pé Jésù lo ogójì ọjọ́ ní aginjù, igbó ni ọkàn rẹ̀ ń lọ sí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni igbó kì í ṣe ibi gbogbo ènìyàn. Ẹ mọ̀ pé bí Orò bá ń ké, obìnrin kì í jáde. Bí àwọn Agẹmọ bá sì ń lọ sí ibi àjọ̀dún wọn, inú ilé ni obìnrin ń gbé, nítorí pé kò gbọdọ̀ fojú kàn wọ́n. Ìmùṣin ní tirẹ̀ láàárín àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọmọbìnrin tí a tọ́ dàgbà níbẹ̀ mọ̀ láti kékeré pé igbó ní àṣẹ, àti pé àṣẹ náà kò sí lọ́wọ́ òun. Ohun tí àwọn àgbà ìjọ sọ kò ti inú Ìwé Mímọ́ wá nìkan. Àṣà tí ó ju ìjọ lọ ní ọjọ́ orí ni ó ń ti ẹnu wọn sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Hágárì, ẹrúbìnrin Sáráì, sá lọ sí aginjù pẹ̀lú oyún nínú. Níbẹ̀ ni áńgẹ́lì ti pè é, níbẹ̀ ni òun náà ti sọ Ọlọ́run ní orúkọ. Ìyẹn ni pé obìnrin ti gbọ́ ohùn ní aginjù kí Mósè tó rí igbó tí ń jó.

2. Sophia Ọdúnlàmì àti òjò ọdún 1918

Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú kọlu ayé, ó sì pa ènìyàn púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní àkókò yìí ni ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Joseph Shadare jẹ́ olórí rẹ̀. Ní Ìsonyìn, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, olùkọ́bìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sophia Ọdúnlàmì. Kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 19 lọ. Àrùn náà mú òun pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí Ẹ̀mí fi bà lé e, ó dìde, ó sì ń kéde pé kí àwọn ènìyàn fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì lo omi òjò. Ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Shadare. Ní 1920 ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Òkúta Iyebíye.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbọ́ mi bí ẹni tí ń kọ̀ oògùn. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti fi hàn wá pé oògùn àti ìtọ́jú ń gba ẹ̀mí là. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ọmọbìnrin kan yà sọ́tọ̀, ó gbọ́ ìpè, ìlú sì gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1922, nígbà tí àríyànjiyàn nípa oògùn àti nípa ìrìbọmi ọmọdé le, ẹgbẹ́ náà ní láti jáde kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Shadare fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú Sínọ́ọ̀dù. Sophia pàdánù iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ yìí, tí ó so mọ́ Faith Tabernacle ti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ni gbòǹgbò ìjọ tí a ń pè ní Kristi Apostoli lónìí wà. Orúkọ àwọn ọkùnrin ni ó gba iwájú nínú ìtàn rẹ̀. Ìran wà lọ́wọ́ Sophia. Ilẹ̀ tí ìran náà yóò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ sí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

3. Àbíọ́dún àti Òṣítẹ̀lú

Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, Christianah Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, rí áńgẹ́lì níbi ìwọ́de Corpus Christi ní Èkó. Ó wà nínú ìran fún ọjọ́ púpọ̀, títí a fi pe Mósè Orímọládé láti wá gbàdúrà fún un. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Séráfù, tí ó di Kérúbù àti Séráfù, ti yọ ní ọdún náà. Ní 1929, àwọn méjèèjì pínyà. Iṣẹ́ Àbíọ́dún kò parí pẹ̀lú ìpínyà náà, nítorí pé ó ti ní ẹgbẹ́ tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣe olórí ẹ̀ka tirẹ̀ títí ó fi kú ní 1994. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti Sophia.

Ẹ wá wo ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ Ògèrè ní Rẹ́mọ. Josiah Òṣítẹ̀lú náà rí ìran ní 1925. Ní 1930 ó dá ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Ní 1937 ó bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún Taborar lórí òkè kan níbẹ̀. Ó fún un ní àkókò tí kì í yẹ̀, ọjọ́ mẹ́tàlá nínú oṣù kẹjọ, àti òfin àwẹ̀ àti àdúrà tirẹ̀. Òṣítẹ̀lú kú ní 1966, ṣùgbọ́n òkè náà kò dákẹ́. Ìran rẹ̀ kò ju ti àwọn ọmọbìnrin méjì yìí lọ. Ohun tí ó ní ni ilẹ̀, ọjọ́ àti òfin.

4. Ẹ̀rí láti òkèèrè

Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọdé tí ó lé àwọn Ìjẹ̀bú jáde ní 1922 kò ṣàjèjì nínú ìtàn Ìgbàgbọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1525, ní ìlú Zurich, àwọn kan ṣe ìrìbọmi fún ara wọn bí àgbà, wọ́n ní ẹni tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni ó yẹ kí a rì bọmi. Àwọn tí ó tẹ̀lé Menno Simons ti ilẹ̀ Holland nínú wọn ni a ń pè ní Mennonite. Wọ́n ṣe inúnibíni sí wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pàdé nínú igbó. Nígbà tí Edwin Weaver àti Irene aya rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Mennonite, dé Uyo ní 1959, àwọn ìjọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ dá sílẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́ láti ràn lọ́wọ́ nípa ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó fẹ́ ṣèrànwọ́ kì í gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń roko.

5. Ohun tí ìdásílẹ̀ ń fẹ́

Kí ni mo wá sọ fún àwọn ará Ìmùṣin? Èkíní, kí ẹbí tí ó ni ilẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ ní gbangba. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí ìwé náà, nítorí pé ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò lọ́wọ́ sí yíyọ̀ǹda rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ nílé ẹjọ́. Kí wọ́n sì rántí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà.

Èkejì, kí wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020. Òfin náà fẹ́ kí a dárúkọ àwọn tí ohun-ìní yóò wà ní ìkáwọ́ wọn, àwọn tí à ń pè ní trọ́sítíì. Kò béèrè bóyá ọkùnrin ni wọ́n tàbí obìnrin. Ó ní kí wọ́n má ṣe kéré sí ọdún 18. Kí a kọ orúkọ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ti dé orí yìí síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yan ọjọ́ tí kì í yẹ̀, kí omi tí ó mọ́ wà, kí ìyá àgbà kan máa sùn tì wọ́n, kí aláìsàn má ṣe gbààwẹ̀, kí ẹni tí ń lo oògùn má ṣe fi í sílẹ̀, kí òbí sì mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Ìbẹ̀rù tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ní ìdí. Ààbò ni oògùn ìbẹ̀rù náà. Gbígba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí a ń dáàbò bò kì í ṣe ààbò.

Mo ti padà lọ sí Ìmùṣin láti sọ èyí fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà dákẹ́ títí, ó wá bi mí pé: 'Bí wọ́n bá ṣìnà ńkọ́?' Mo ní: 'Bàbá, àwa náà ti ṣìnà rí, ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ wa.' Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, wọn kò tíì parí ìpàdé náà.