Ta Ni Yóò Kì Wá Lọ́la?

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Kétu, ohùn mẹ́ta ni ó máa ń jí agbo ilé wa ní ìdájí. Àkọ́kọ́ ni ohùn ládàánì tí ń pe àwọn Mùsùlùmí sí ìrun àsùbáà. Èkejì ni agogo ìjọ Àgùdà. Ẹ̀kẹta kò ti ilé ìsìn kankan wá: ohùn ìyá àgbà ni, tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí ó ń ki ọmọ kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń jí. Ohùn méjì àkọ́kọ́ ṣì wà. Wọ́n tilẹ̀ ti ròkè sí i, nítorí pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti dé bá wọn. Ẹ̀kẹta ni ó ń rọlẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń ka abala Faransé tán kí ẹ tó ṣí abala Yorùbá.

Oríkì pín sí oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n méjì ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Èkíní ni oríkì àbísọ, orúkọ ìkẹ́ tí a fún ọmọ nígbà tí a bí i: Àjàní, Àkànní tàbí Àyìndé fún ọkùnrin, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́ tàbí Àníkẹ́ fún obìnrin. Òun ni ìyá fi ń tu ọmọ lójú, òun náà ni àgbà fi ń bẹ ọmọ nígbà tí ó bá fẹ́ rán an níṣẹ́ tó le. Èkejì ni oríkì orílẹ̀, èyí tí a ń pè ní «panégyrique clanique» lédè Faransé. Èyí jẹ́ ti ìdílé lápapọ̀. Ó ń sọ ibi tí a ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ tí a mọ̀, ohun tí a kì í jẹ, àti ogun tí a jà. Kì í ṣe ìyìn nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Oríkì máa ń bú ni díẹ̀ pẹ̀lú, ó máa ń rántí ìwà tí kò dára tí ìdílé kan ń hù, kí ọmọ má baà gbéraga.

Ilé tí a gbé dàgbà jẹ́ ilé ẹlẹ́sìn mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu, ní Pọ̀bẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́. Bàbá wa àgbà jẹ́ Mùsùlùmí. Ìyá tí ó bí wa ń lọ sí ìsìn Àgùdà ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí ó jẹ́ ọdẹ, kò fi Ògún sílẹ̀ títí ó fi kú. Ní oṣù Ààwẹ̀, àwo oúnjẹ ìṣínu máa ń kọjá láti yàrá dé yàrá, ọmọ tí kò gbààwẹ̀ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ jókòó tì í. Tí Kérésìmesì bá dé, Bàbá àgbà ni wọ́n máa ń gbé adìẹ fún kí ó dú u, kí gbogbo ilé baà lè jẹ nínú rẹ̀. Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá sì jáde lálẹ́, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró wòran.

Láàrin gbogbo wa, Ìyá àgbà ni ó mọ oríkì ilé jù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ ilé náà. Ìyàwó tí a fẹ́ wá láti ìdílé mìíràn ni. Báyìí ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá: obìnrin a bá oríkì ilé ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, a kọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyálé, a sì fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìyá àgbà ń kírun. Tí ó bá ti ṣe àdúà tán, tẹ̀súbáà a ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dìde láti orí ẹní, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì wá. Ọmọ tí ń lọ kéú àti ọmọ tí ń lọ kọ́ katikísímù, oríkì orílẹ̀ kan náà ni ó ń gbọ́.

A rántí ọjọ́ kan tí méjì nínú àwọn bàbá wa fẹ́ jà lórí ààlà oko. Ọ̀kan ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, èkejì ń ti igbó ọdẹ bọ̀ pẹ̀lú ìbọn léjìká. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwa ọmọdé fi sá wọlé. Ìyá àgbà kò béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn méjèèjì, oríkì kan ṣoṣo, nítorí pé bàbá kan ṣoṣo ni ó bí wọn. Nígbà tí ó dé ibi tí oríkì ti ń fi àwọn baba ńlá wa ṣe yẹ̀yẹ́, pé wọ́n mọ ẹjọ́ rò ju oko ríro lọ, ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àbúrò sọ ìbọn kalẹ̀. A kò sọ pé oríkì ni ó parí ìjà náà. Àwọn àgbà ṣì jókòó lé e lórí ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí wọ́n lè jókòó.

Oríkì ti ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi ju ìyẹn lọ rí nínú ìtàn ìlú wa. Ní ọdún 1886, ní ayé ọba Glèlè, àwọn ọmọ ogun Dàhómì pa Kétu run. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn tí ogun kò pa lọ sí ìgbèkùn ní ilẹ̀ Abomey. Ìlú di ahoro. Nígbà tí ọmọ ogun Faransé, lábẹ́ ọ̀gágun Dodds, ti ṣẹ́gun Béhanzin tí ó jẹ ọba lẹ́yìn Glèlè, àwọn ọmọ Kétu rí ọ̀nà padà sílé, ìlú sì tún dìde ní ọdún 1894. Ẹnubodè Àkàbà Ìdènà tí àwọn àlejò ń wá wò títí di òní jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó ṣẹ́kù lára odi àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwọn tí wọ́n padà kò ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tí a bí sí ìgbèkùn kò tíì fi ojú rí Kétu rí. Ní ilé tiwa, ohun tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé ìyá kan nínú ìdílé máa ń ki àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìgbèkùn, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí olúwa wọn kò lè gbọ́, kí wọ́n má baà gbàgbé ilé tí wọ́n ti wá. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n lè sọ fún àwọn àgbà yòókù pé, «Ọmọ ilé báyìí ni wá», wọ́n sì lè fi ẹnu wọn jẹ́rìí. Ohun tí ogun kò lè sun ni wọ́n fi rí ilé wọn.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún àwọn tí wọ́n kó ìtàn náà jọ. Thomas Moulero jẹ́ ọmọ Kétu. Òun ni ọmọ Dàhómì àkọ́kọ́ tí a fi jẹ àlùfáà nínú ìjọ Àgùdà, ní ọdún 1928. Ẹ̀wù àlùfáà kò dí i lọ́wọ́ láti jókòó ti àwọn àgbà, kí ó sì kọ ìtàn ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ìgbàgbọ́ ẹni kì í béèrè pé kí ènìyàn gbàgbé bàbá tí ó bí i.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní CEG tí a ti ń kọ́ni, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ béèrè oríkì wọn nílé. Díẹ̀ ni ó rí nǹkan mú padà wá. Àwọn kan ní bàbá àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin kan sọ pé wọ́n kìlọ̀ fún ìyá òun níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà pé ẹ̀mí òkùnkùn wà nínú oríkì. Ọmọkùnrin kan sì rántí ìyá bàbá rẹ̀ tí ń gbé ní Mẹ̀kọ. Ó pè é lórí fóònù. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, kò sì dúró títí owó orí fóònù fi tán. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní ọdún 1889 fi Kétu sí ọ̀dọ̀ Faransé, ó fi Mẹ̀kọ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n oríkì ọmọ yìí wà lódìkejì, ó ń dúró dè é.

Kí ni ó fà á tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí? Ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpín tirẹ̀. Àwọn àgbà kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé kò ní gbàgbé «le signal», ohun tí a ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn tí wọ́n bá gbọ́ èdè ìbílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ojú tì nítorí èdè ìyá rẹ̀ ni ó di òbí tí kò ki ọmọ tirẹ̀. Ìwé ìjọba náà ní ìpín tirẹ̀. Lórí ìwé ọjọ́-ìbí, orúkọ bàbá tàbí ti bàbá àgbà ni ó di «nom», orúkọ ìsàmì tàbí orúkọ Mùsùlùmí di «prénom», oríkì àbísọ kò sì ráyè jókòó. Orúkọ tí a kò kọ, tí a kò sì pè, kí ni yóò ṣe tí kò ní kú?

Ti ẹ̀sìn ni ó gba sùúrù jù, nítorí pé ẹni tí ó ń bẹ̀rù láti ṣẹ Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tí a ń fi ṣẹ̀sín. Òótọ́ ni pé àwọn ìlà kan nínú oríkì dárúkọ òrìṣà tí àwọn baba ńlá wa ń bọ. Ìtàn ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó bá sọ pé baba ńlá òun bọ Ṣàngó kò tíì bọ Ṣàngó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì gba ìlà kan, kí ó fò ó. Ìyá àgbà pàápàá máa ń fo àwọn kan ní oṣù Ààwẹ̀. Kí a fo ìlà kan yàtọ̀ sí kí a da gbogbo rẹ̀ nù.

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ mọ Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú yín. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jẹ́ ìran àwọn tí ó padà láti Brazil ni wọ́n kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ojú rẹ̀ jọ ojú ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bahia, nítorí pé irú ilé tí wọ́n kọ́ bí a ti ń kọ́ lókè òkun nìyẹn. Síbẹ̀, kò sí Mùsùlùmí tí ó wọ inú rẹ̀ kírun tí ó jáde ní onígbàgbọ́. Ìrántí ni ó wà lára ògiri. Ọlọ́run mọ ẹni tí a ń pè nínú ilé. Bí ògiri bá lè gbé ìrántí láìba ìgbàgbọ́ jẹ́, ẹnu ìyá àgbà náà lè gbé e.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín láti ṣe kò gba owó. Ìsinmi gígùn ni ìgbà tí ọ̀pọ̀ yín máa ń kúrò ní Cotonou tàbí Èkó wá sílé. Tí ẹ bá dé, ẹ wá obìnrin tí ó dàgbà jù nínú ìdílé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i, kí ẹ sì ní kí ó kì yín. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ sínú fóònù nìkan, nítorí fóònù a máa bọ́ sómi. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ìtumọ̀ Faransé dára, kí ẹ kọ òun náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé orí kì í wú nínú ìtumọ̀. Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá ń lọ kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí oríkì àbísọ rẹ̀ wà lára àwọn «prénom» rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò BEPC, kí ẹ tó béèrè ibi tí bíìkì wà, ẹ kọ́kọ́ ki ọmọ náà.

Kí ẹ sì má fi dọ̀la. Àwọn ìyá tí wọ́n mọ oríkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò pọ̀ mọ́ ní àdúgbò wa, ọdún kọ̀ọ̀kan ni a sì ń sin nínú wọn. Bí a bá pẹ́ kí a tó béèrè, a ó bá ilé níbi tí ó wà, a ó bá àpótí náà nílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní bá ẹni tí yóò dá wa lóhùn.