Ààbò Ológbò Nígbà tí Onílé Bá Wọ Ilé Àyágbé

Ológbò tí a kì í jẹ́ kó jáde kò mọ títì, kò mọ ọkọ̀, kò sì mọ òórùn àgbàlá ilé kejì. Inú fúláàtì ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń sùn, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣeré. Ní London, New York àti àwọn ìlú ńlá mìíràn ní Britain àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ayálégbé ló ń sin ológbò lọ́nà yìí, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ sì wà lára wọn. Ẹni tó ni ológbò ti mọ bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, tí a ń fi ẹsẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà kí ẹranko náà má baà sá jáde. Àlejò kò mọ ìyẹn. Ìdí nìyí tí ewu fi ń pọ̀ lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá fi kọ́kọ́rọ́ wọlé: onílé, ejẹ́ńtì rẹ̀, tàbí oníṣẹ́ tí wọ́n rán wá tún nǹkan ṣe nígbà tí ayálégbé wà níbi iṣẹ́.

Òfin kò gbà kí onílé kàn já wọlé bó ṣe wù ú. Ní England, òfin Landlord and Tenant Act ti ọdún 1985 fún onílé láyè láti wọlé wá wo bí ilé ṣe rí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ayálégbé ní ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú, àsìkò tó bójú mu ló sì gbọ́dọ̀ wá. Ní California, abala 1954 nínú ìwé òfin Civil Code ka wákàtí 24 sí ìfitónilétí tó tó. Bó bá jẹ́ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni onílé gbà fi ìwé náà ránṣẹ́, ọjọ́ 6 ni. Ọjọ́ 2 ni ìpínlẹ̀ Washington ní kí onílé fi sílẹ̀ kó tó wá ṣàtúnṣe tàbí àyẹ̀wò. Ní Èkó náà, òfin ilé yíyá ti ọdún 2011 ní kí ayálégbé gba onílé láyè láti wọlé wo ilé lójú ọ̀sán, lẹ́yìn tó bá ti fi ìwé sọ fún un. Ti pàjáwìrì yàtọ̀. Ní England àti ní California, bí páìpù omi bá bẹ́, tí iná bá ń jó, tàbí tí gáàsì bá ń jò, onílé lè wọlé lójú ẹsẹ̀.

Àkókò ìmúrasílẹ̀ nìkan ni òfin fún ayálégbé. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ológbò. Ìwé tí onílé kọ máa ń sọ ọjọ́ àti aago. Kì í sábà sọ iye ènìyàn tó ń bọ̀, yàrá tí wọn yóò wọ̀, tàbí oògùn tí wọ́n fẹ́ fín. Ó yẹ kí ayálégbé béèrè gbogbo èyí, kó sì béèrè ọ̀rọ̀ náà nínú ímeèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́, kí ẹ̀rí lè wà nílẹ̀ pé onílé mọ̀ pé ológbò wà nínú ilé.

Kí a wo àyẹ̀wò gáàsì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí bí onílé rere ṣe lè yẹra fún un. Ní England, ilé àyágbé tó bá ní ẹ̀rọ gáàsì tí onílé pèsè gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò lọ́dọọdún látọwọ́ oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Gas Safe Register. Oníṣẹ́ náà dé, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn kí ilẹ̀kùn má baà padé mọ́ ọn. Ó lọ wo bọ́ílà nínú ilé ìdáná, ó rántí pé mítà wà nísàlẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Àpótí yẹn ṣì ń gbá ilẹ̀kùn mú. Ológbò tó ti sá sábẹ́ àga nígbà tó gbọ́ ohùn àjèjì ti rí i pé ilé ti dákẹ́, ó yọrí síta. Kí oníṣẹ́ tó gun àtẹ̀gùn padà, ẹranko náà ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Oníṣẹ́ kò hùwà ìkà kankan. Kò mọ̀ pé ológbò wà níbẹ̀ ni.

Àwọn ológbò mìíràn kì í sá jáde, inú ilé gan-an ni wọ́n ń sọnù sí. Púlọ́ńbà tó bá yọ pákó ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀ tàbí pákó ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ti ṣí ihò tó ṣókùnkùn sílẹ̀, irú ibi bẹ́ẹ̀ sì ni ẹranko tí ẹ̀rù ń bà máa ń wá. Yóò wọ inú rẹ̀, yóò dákẹ́ pátá, púlọ́ńbà yóò sì fi ìṣó kan pákó náà padà. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá ti lọ, ohun àkọ́kọ́ tí ayálégbé gbọ́dọ̀ ṣe ni kó fojú ara rẹ̀ rí ológbò. Bí kò bá rí i, kó pè é pẹ̀lú ìró agolo oúnjẹ rẹ̀, kó sì fetí sí ògiri àti abẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀.

Fèrèsé náà ń fẹ́ àmójútó. Ẹni tó ń kun ọ̀dà máa ń ṣí i gbayawu kí òórùn lè jáde, ológbò tó bá sì wà ní àjà òkè lè jábọ́ níbẹ̀. Lóòótọ́, ológbò mọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí àyà rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ má fara pa. Oògùn kòkòrò tún burú ju èyí lọ. Permethrin, tí wọ́n ń lò fún eégbọn àti kòkòrò mìíràn, kò ṣe ajá ní nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ológbò, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára tó láti tú u ká. Ó lè mú un gbọ̀n, kó mú gìrì gbé e, kó sì pa á. Bí onílé bá fẹ́ fín ilé tàbí kó májèlé eku síbẹ̀, kí wọ́n gbé ológbò kúrò nínú ilé pátápátá, kí ayálégbé sì gba orúkọ oògùn náà sílẹ̀ fún dókítà ẹranko. Títi yàrá kan kò tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fún àyẹ̀wò àti àtúnṣe kékeré, yàrá kan tó. Balùwẹ̀ dára bí wọn kò bá ní iṣẹ́ níbẹ̀, torí pé kò sí bẹ́ẹ̀dì tí ológbò lè sá sábẹ́ rẹ̀. Kí a gbé abọ́ yanrìn tó ń ṣu sí wọlé, kí omi àti oúnjẹ wà níbẹ̀, kí aṣọ kan tí òórùn ẹni tó ni ín wà lára rẹ̀ wà nílẹ̀, kí fèrèsé sì wà ní títì. Àpótí tí a fi ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹ kó wà níbẹ̀ ní ṣíṣí, kó lè sá wọ inú rẹ̀. Ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú àsìkò tí onílé dá ni kí ológbò ti wọlé, nítorí pé àwọn mìíràn máa ń tètè dé. A ó wá lẹ ìwé gàdàgbà mọ́ ilẹ̀kùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ológbò wà nínú yàrá yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i. Ká lẹ irú rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Bí onílé bá ní òun gbọ́dọ̀ rí gbogbo yàrá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni; kí ayálégbé tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà nílé, kó ti ológbò mọ́ inú àpótí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ náà.

Lẹ́yìn tí àlejò bá lọ, ojú kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ológbò fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìpayà lè mú kó má jẹun. Bí akọ ológbò bá ń wọ inú abọ́ yanrìn lemọ́lemọ́, tó ń tiraka tí ìtọ̀ kò jáde, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ìtọ̀ tó dí lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ológbò tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí onílé kò mọ̀ pé ó wà. Ayálégbé tó fi ológbò pamọ́ nítorí pé ìwé àdéhùn kò gba ẹranko kò lè lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, kò lè kìlọ̀ fún oníṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè béèrè irú oògùn tí wọ́n fẹ́ fín. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é nítorí àìríléyá, ọ̀rọ̀ wọn sì ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n ẹranko náà ló ń forí fá a. Ní England, ọ̀nà mìíràn ti là. Òfin Renters' Rights Act tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 fún ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè fún ààyè sísin ẹranko, onílé kò sì gbọ́dọ̀ kọ̀ láìní ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fún un láti fèsì. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2026 ni wọ́n dá fún ìbẹ̀rẹ̀ ètò tuntun yìí.

Bí ológbò bá sá jáde pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra, kí wọ́n kọ́kọ́ wá a nítòsí. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 lórí ológbò tó lé ní 1,200 tó sọnù fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n rí, mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò kọjá mítà 500 síbi tí wọ́n ti sá. Ológbò inú ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà. Abẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn garawa ìdọ̀tí àti abẹ́ àtẹ̀gùn ló máa ń ká ara jọ sí, ó sì lè má dáhùn bí ẹni tó ni ín tilẹ̀ ń pè é. Alẹ́, nígbà tí ariwo bá ti rọlẹ̀, ni kí wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì jáde, kí wọ́n sì wo ibi tí ojú rẹ̀ bá ti tàn.

Ti pàjáwìrì ló ṣòro jù, torí pé kò sí àsìkò láti ti yàrá kankan. Ohun tó lè ṣèrànwọ́ nígbà náà ni ìwé tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀, aládùúgbò kan tó mọ ológbò náà, àti microchip abẹ́ awọ rẹ̀. Láti ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2024 ni òfin England ti sọ microchip di dandan fún ológbò tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 20, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £500. Nọ́ńbà lásán ló wà nínú microchip náà. Àdírẹ́sì àti fóònù ẹni tó ni ológbò wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kí ayálégbé tó bá ti kó kúrò nílé àtijọ́, tàbí tó ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, kàn sí iléeṣẹ́ náà kó tún un ṣe kí onílé tó kọ ìwé tó kàn.