Ooru Tí Ojú Kò Lè Rí

Ìtànṣán ooru tí William Herschel ṣàwárí ní 1800, nígbà tí ó gbé òṣùwọ̀n ìgbóná kọjá àwọ̀ pupa nínú ìmọ́lẹ̀ òrùn tí ó sì rí i pé ó ń gbóná sí i, kì í dúró mú afẹ́fẹ́ gbóná kí ó tó dé ara ènìyàn. Ìdí nìyí tí àyà ẹni tí ó ń yáná ní Iléṣà nígbà ọyẹ́ fi ń gbóná, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tutù. Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn ará ilẹ̀ òtútù fi ń ṣe ẹ̀rọ amúlégbóná tí ń tu ènìyàn lára láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ yàrá gbóná púpọ̀. Ní Òṣogbo, ọ̀tá ni ìtànṣán kan náà lọ́sàn-án, nítorí pé páànù tí ó ti dípẹtà a máa gba òrùn mọ́ra, a sì máa ta ooru rẹ̀ sórí onílé, bí fèrèsé tilẹ̀ ṣí sílẹ̀, àfi bí àjà bá dí i lọ́nà.