Oṣù wo ni ó sàn jù láti wá sí Èkó?

Kò sí ọdún kan tí àwọn ará ilé kì í bi mí ní ìbéèrè yìí. Bí tíṣà bá fẹ́ mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá fojú kan òkun, yóò béèrè. Bí ìyá ọlọ́jà bá fẹ́ wá ra aṣọ ní Bàlógun, yóò béèrè. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní béèrè rárá. Wọn a di ẹrù, wọn a wọ mọ́tò, ó sì di ìgbà tí omi bá mù wọ́n dé orúnkún ní ojú títì kí wọ́n tó mọ̀ pé Èkó ní ìgbà tirẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ìlú yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí.

Ohun kìn-ín-ní ni pé, kí ẹ tó mú oṣù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni ẹ ń wá lọ. Oṣù tí ó dára fún ẹni tí ń wá ọjà lọ lè má dára fún ẹni tí ń wá òkun lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

ÌGBÀ ÒJÒ

Ilẹ̀ Èkó rẹlẹ̀, omi sì yí i ká: òkun níhìn-ín, ọ̀sà lọ́hùn-ún. Òjò tí ó bá rọ̀ ní ìlú olókè yóò ṣàn lọ. Ti Èkó kì í tètè rí ọ̀nà lọ, pàápàá níbi tí ìdọ̀tí bá ti dí gọ́tà. Òjò àkọ́rọ̀ a máa dé láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin pẹ̀lú ìjì àti ààrá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ó tó dá. Láti oṣù karùn-ún ni ó ń le sí i, oṣù kẹfà sì ni ògá gbogbo wọn. Nínú oṣù kẹfà nìkan, òjò Èkó sábà máa ń tó nǹkan bí mìlímítà 300, bẹ́ẹ̀ ni ti oṣù kìn-ín-ní kì í sábà tó 30.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, òjò kan rọ̀ tí àwa ará Èkó kò lè gbàgbé. Omi wọ ilé, ó ba ọ̀nà jẹ́, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní oṣù keje ọdún 2017, omi tún bo Victoria Island àti Lẹ́kí, níbi tí àwọn olówó ń gbé, débi pé a rí ẹni tí ń wa ọkọ̀ ojú omi kékeré ní ojú títì. Àwọn àgbà kò purọ́: òjò kò bá ẹnì kan ṣe ọ̀rẹ́, ẹni tí ó bá rí ni ó ń pa.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí. Mo mọ ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Òṣogbo. Oṣù kẹfà ni ó wá ra léèsì funfun ní Bàlógun, òjò sì ká a mọ́ ibi tí ó ti ń dúró de mọ́tò. Nígbà tí yóò fi tú ẹrù ní ilé, àmì dúdúdúdú ti mú aṣọ. Kò rí owó ọjà rẹ̀ pé, áḿbọ̀sì èrè. Bí ó bá di dandan kí ẹ wá ní ìgbà òjò, ẹ dé ọjà ní kùtùkùtù, kí ẹ sì fi ọ̀rá di ẹrù yín kí ẹ tó gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

ÌSINMI OṢÙ KẸJỌ

Láti ìparí oṣù keje, òjò a máa sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí rẹ̀ ni pé agbára òjò ti lọ sí Òkè Ọya nígbà náà. Kánò àti Ṣókótó ni ó ń rọ̀ sí jù. Omi òkun etí ilẹ̀ wa pẹ̀lú a tutù, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kò sì lè gòkè kí ó di òjò bí ó ti yẹ. Ara a máa tu ènìyàn ní Èkó ní àkókò yìí ju ìgbà ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta lọ. Ilé ìwé sì ti gba ìsinmi. Ẹ ò wá rí i pé oṣù tí a dá fún tíṣà àti ọmọ rẹ̀ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ ni o! Ojú ọ̀run ni ó dákẹ́, òkun kò dákẹ́. Nígbà tí a wà nínú ìsinmi yìí, ìgbà òtútù ni ó jẹ́ ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún. Ìjì tí ń jà lójú òkun ọ̀nà jíjìn náà ni ó ń ti ìgbì ńláńlá wá sí etíkun wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ Kuramo Beach ní Victoria Island, ó gbá ilé pákó lọ, ó sì gbé ènìyàn lọ. Oṣù tí àlejò rò pé ewu ti kọjá ni òkun ń bínú jù. Àwọn baba wa ti wí pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Nítorí náà, bí ẹ bá mú ọmọ wá ní oṣù kẹjọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo òkun, kí wọ́n ṣa ìkarahun, kí wọ́n jẹ ẹja yíyan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ inú rẹ̀. Omi tí ń padà sẹ́yìn lè fa gírípá ọkùnrin tí ó mọ̀wẹ̀. Bí ó bá fa ènìyàn, kí onítọ̀hún má ṣe bá a jà. Kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Omi Tarkwa Bay rọ̀ ju ti àwọn etíkun gbangba lọ nítorí òkúta tí wọ́n tò sí ẹnu òkun, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ tí kò bá fún yín ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Ohun tí a lè wò lórí ilẹ̀ pọ̀. Ẹ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn. Ẹ wo Freedom Park, tí ó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ayé ìjọba òyìnbó. Bí ẹ bá ráyè, ẹ dé Àgbádárìgì, kí àwọn ọmọ rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1845.

ÒJÒ ÀRỌ̀KÚRÒ ÀTI ỌYẸ́

Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, òjò yóò tún padà. Kò tó ti oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n ìgbà yìí ni wọ́n sábà máa ń ṣí omi Ọ̀yàn sílẹ̀ láti òkè Abẹ́òkúta, tí odò Ògùn yóò sì kún wá sí ìhà Ìṣẹ́rí, Mile 12 àti Àjẹ́gúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ sí ọ̀dọ̀ ìbátan ní agbègbè wọ̀nyí, kí ó kọ́kọ́ béèrè bí omi ti rí.

Oṣù kejìlá ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Èkó: ijó, orin, ìyàwó gbígbé. Àwọn ará òkè òkun a ya dé, owó ilé àlejò a gòkè, owó mọ́tò a gòkè, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ a sì gba gbogbo ọ̀nà. Bí ọyẹ́ bá dé láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ètè a là, eruku a sì bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú kì í lè gbéra lásìkò nígbà mìíràn. Ẹni tí owó rẹ̀ tó, kí ó wá ṣe fàájì. Ẹni tí ń ṣọ́ owó ná, kí ó jìnnà sí ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn ọdún.

Bí ẹ bá wá fún mi lágbára láti yan oṣù kan, àárín oṣù kọkànlá títí di ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ni n ó mú. Òjò ti lọ tán, ọyẹ́ kò tíì le, èrò ọdún kò tíì dé. Ọjà ọdún ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó sì rà á kí ó tó gbówó lórí. Tíṣà yóò wí pé ilé ìwé kò tíì parí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ọdún 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń gbé èrò láti Mọníyà ní Ìbàdàn wá sí Èbúté Mẹ́ta. Ẹni tí ń gbé ìhà ibẹ̀ lè lo òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Èkó kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹni tí ó bá ń wá Ẹ̀yọ̀ wò, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ṣe é ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún. Ẹ gbọ́ ìkéde kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Ní ọjọ́ náà, ẹ má ṣe wọ sáńdà, ẹ má sì di irun sùkú.

Oṣù yòówù kí ẹ mú, mo bẹ̀ yín, ní etí òkun, ẹ má ṣe gbé ojú kúrò lára ọmọ. Ilé ni kí gbogbo yín padà sí ní pípé.